Okùn Tó Ń Gbé Owó Wa

 

Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè dáàbò bo ohun amáyédẹrùn ìlú. Iná mànàmáná àti afárá lọkàn ẹni máa kọ́kọ́ lọ sí. Ṣùgbọ́n okùn kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tí a kì í rí, òun ló ń gbé owó wa. Okùn fáíbà ni. Gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ni ohun tó ń sáré nínú gíláàsì náà.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ní owó ọwọ́ nìkan lòun ń gbà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba tíránsífà. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì púpọ̀ dojú rú ní Nàìjíríà, Gánà náà ò gbẹ́yìn. Abidjan jìnnà sí Bódìjà, àbí? Ẹni tó ń ta tòmátò ò sì lè ní kí tòmátò dúró de báńkì.

Ti òkun, apá wa ò ká a. Ti ẹnu ọ̀nà wa ńkọ́? Àjọ NCC sọ pé okùn fáíbà gé ní ìgbà tó lé ní 50,000 lọ́dún 2024, àwọn tó ń ṣe títì ló sì fa nǹkan bí 30,000 nínú rẹ̀. Olè náà ń gé e, wọ́n ṣe bí bàbà ni. Kò sí bàbà tí wọ́n máa rí tà níbẹ̀!

Òfin wà o. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní ẹni tó bá ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 10, kò sí pé ó fẹ́ san owó ìtanràn. Lóṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó ka okùn àti òpó tẹlifóònù mọ́ ohun tí òfin náà ń ṣọ́. Lójú tiwa, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ò lè jókòó sí ọjà látàárọ̀ dalẹ́. Àwa la wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó rí Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ẹ mọ ohun tí ìdọ̀tí tó dí ojú omi Ògùnpa dá sílẹ̀. Ọwọ́ ará ìlú wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dáná sun ìdọ̀tí níbi tí okùn gbà kọjá, ẹ má sì ri òpó ìsọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n sàmì sí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ níwájú ìsọ̀ yín, ẹ bi í pé ta ló rán an. Bí ẹnu rẹ̀ ò bá já gaara, ẹ ké sí Ìyálọ́jà.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe NCC ni 622, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ̀yin ọmọ bá ìyá yín fi sínú fóònù wọn kí ẹ tó kúrò níbí lónìí. Oúnjẹ ti délẹ̀.