Gángan Àkọ́kọ́ fún Ọmọ Yín

Wọ́n ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ ráńpẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlù ni mo mú wá, nítorí ó ti lé ní ẹni mẹ́ta nínú wa tó bi mí léèrè irú gángan tí òun lè rà fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìlù.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìlù tí wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n gbé kọ́ fún títà, ọ̀ṣọ́ ilé ni wọ́n. Ọmọ á lù ú, kò ní fọhùn; ọmọ náà á wá rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n lù. Kí oṣù kan tó pé, ìlù ti dèrò orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ má fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ṣaworo rẹ̀ dùn tó. Ó wúwo jù fún ọmọdé. Nílé àwọn Àyàn pàápàá, àwọn ìlù tó ń gbè ni ọmọ kọ́kọ́ ń lù. Gángan kékeré tó ṣe é há sí abíyá ni kẹ́ ẹ wá. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ há a wò: bí apá rẹ̀ kò bá lè fún ọṣán pọ̀ dáadáa, ìlù ọ̀hún tóbi jù fún un.

Ọṣán ló ń gbé ohùn sókè sódò. Awọ ni kó jẹ́, kì í ṣe okùn ọ̀rá. Ẹ fún un pọ̀, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀: ohùn gbọ́dọ̀ gòkè, kó sì padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ ni ojú ìlù, kó ṣe déédéé lójú méjèèjì. Igi ọ̀mọ̀ dára. Ẹ wò ó bóyá ó ti sán, torí ọ̀dà a máa bo àléébù. (Àwa òṣìṣẹ́ báńkì mọ̀ pé ìwé tó bá dán jù ló yẹ kéèyàn tún kà.)

Àyẹ̀wò tó ju gbogbo wọn lọ rèé. Ẹ mú onílù dání, kó fi ìlù náà sọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Bẹ́ ẹ kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ tó gbé yín wá síbí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Àmọ́ ọmọ tí a kì í sọ Yorùbá sí nílé ńkọ́? Kí ni yóò gbọ́ lẹ́nu ìlù? Àwa òbí la ó dáhùn ìyẹn, kì í ṣe onílù.

Ẹ sì wá owó olùkọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ìlù. Láti ọdún mẹ́wàá làwọn onílù ti ń kì wá níbi ìnáwó ẹgbẹ́ yìí, tí a sì ń ná wọn lówó. Pé kí wọ́n wá kọ́ ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́ kò bójú mu.

Òjò a máa mú kí awọ dẹ̀, oòrùn líle a sì máa fà á ya. Ẹ má fi ìlù sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìlù pọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ lọ lẹ́yìn ayẹyẹ yìí, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kó sì mú ọmọ náà dání.