Igi tó di òkúta

Ẹ̀yin ará Adja-Ouèrè, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì ní Onigbolo, lápá Pobè. Òkun ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìkarahun ẹran inú omi wà lára ohun tó di òkúta yẹn.

Igi pàápàá máa ń di òkúta. Irú igi bẹ́ẹ̀ wà ní aṣálẹ̀ Agadez, ní Niger. Ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Giant Logs láàárín irú igi bẹ́ẹ̀, kò tó kìlómítà kan. Ẹ ò rí i bó ṣe yani lẹ́nu! Ìtì igi wọ̀nyẹn ti lé ní 200 mílíọ̀nù ọdún. Odò gbé wọn, ẹrẹ̀ àti eérú òkè ayọnáyèéfín bò wọ́n, afẹ́fẹ́ ò ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò sì tètè jẹrà. Omi wá ń gbé sílíkà inú eérú wọ inú igi díẹ̀díẹ̀, títí òkúta fi gba ipò rẹ̀. Irin ló fún un ní àwọ̀ pupa àti ìyeyè.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ mú omi dání, ẹ má sì ṣa ẹyọ kan. Ìkólọ ló mú kí ìjọba fi òfin dáàbò bo ibẹ̀ lọ́dún 1906.