Òrùlé Bo Àjà Mọ́lẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ẹni Tí Yóò Kan Òrùlé Ilé Wa

Yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí òrùlé. N kì í ṣe káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà. Òjò kan tí ó rọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2004 ni ó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjì tí ó ṣáájú òjò náà ká òrùlé yàrá ìwé mi lọ lóru. Kásẹ́ẹ̀tì ìjálá tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ láàárín ọdún 1981 sí 1990 wà lórí pẹpẹ nínú yàrá náà, pẹ̀lú ìwé tí mo da ọ̀rọ̀ wọn kọ sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ àfi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdẹ wọ̀nyí ti wọ káà ilẹ̀. N kò lè padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un sun.

Lọ́jọ́ kejì, àgbà káfíńtà kan bá mi gòkè lọ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé páànù ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Orí ògiri ni ó tẹjú mọ́, ó fi ọwọ́ nù ún, ó ní, "Ọ̀gá, wọn kò so òrùlé yín mọ́ ilé. Ńṣe ni wọ́n gbé e lé e lórí." Òtítọ́ ni ó sọ, nítorí inú oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò mi ni a ti rí òrùlé náà, páànù ṣì wà lára igi, ìṣó kan kò yọ. Gbogbo rẹ̀ ni ó jọ fò lọ.

Ọ̀pọ̀ wa ni ó rò pé ìjì a máa ti òrùlé lulẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń ti ògiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tí ó ń sáré kọjá lórí òrùlé a máa fà á sókè. Èyí tí ó bá sì gba abẹ́ etí òrùlé wọlé a máa tì í láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìwúwo òrùlé ni ó ń mú un dúró. Igi àkọ́kọ́ tí a tẹ́ gbọọrọ sórí ògiri ni a gbọ́dọ̀ fi irin tí bíríkìlà ti rì mọ́ inú kọnkéré dè mọ́lẹ̀, kí a tó kan àwọn igi yòókù mọ́ ọn. Irin yìí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí páànù bá ti wà lókè, tí àjà sì ti wà nísàlẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí? Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: òrùlé bo àjà mọ́lẹ̀, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bo inú, kò jẹ́ kí a rí ikùn aṣebi. Inú òkùnkùn tí ó wà láàárín òrùlé àti àjà yìí ni ìwà káfíńtà ń gbé.

Báwo ni mo ṣe yan ẹni tí ó kan ti àkọ́kọ́? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìbátan ìyàwó mi ni, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, owó tí ó pè sì kéré sí ti àwọn méjì tí mo ti kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. N kò béèrè ilé kan ṣoṣo tí ó ti kàn rí. Nígbà tí ó ní pákó fẹ́ gbówó lórí, mo ka gbogbo owó náà fún un ṣáájú. Kì í ṣe pé n kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ojú ni ó ń tì mí. Mo gbà pé ìtìjú yìí ń ba òrùlé jẹ́ nílẹ̀ wa ju àìmọ̀ lọ. Ẹni tí yóò ná ọjà kékeré fún wákàtí kan kò ní lè bi àna rẹ̀ pé, "Ilé ta ni o ti kàn rí?"

Ní ayé àtijọ́, kò sí ìdí fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbọ̀dọ̀gí ni a fi ń bo ilé. Ọ̀wẹ̀ ni a sì fi ń ṣe é. Ní Ọ̀yọ́, bẹẹrẹ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin fi ń rù ú wá sí ààfin lọ́dọọdún, tí ó sì di ọdún ńlá. Ọkùnrin tí ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bo ilé baba ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé bí ó bá jò, òun náà ni wọn yóò tún ránṣẹ́ sí, lójú gbogbo agbo ilé. Páànù, tí ó ti ń bo ilé ní Èkó kí ọgọ́rùn-ún ọdún 19 tó parí, ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ẹni tí a sanwó fún, tí ó gba owó rẹ̀, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó yẹ ọ̀wẹ̀ ni èmi gbé fún iṣẹ́ owó.

Kí wá ni a ó wò? Ilé tí ó ti kàn ni, kì í ṣe èyí tí ó parí lánàá, bí kò ṣe èyí tí òjò ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti pa. Kí a wọlé, kí a gbójú sókè wo àjà. Bí omi bá ti ya àwòrán sí i, a ó rí i, pàápàá lábẹ́ ibi tí apá òrùlé méjì ti pàdé ní kòtò, nítorí ibẹ̀ ni omi ń wọ́ sí. Kí a má wulẹ̀ bi onílé bóyá ó jò rí. Kò sí òrùlé tí kò lè jò. Kí a bi í bóyá káfíńtà náà wá nígbà tí a ránṣẹ́ pè é.

Ìbéèrè kan wà tí àgbà káfíńtà náà kọ́ mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: kí a bi agbaṣẹ́ṣe pé ọwọ́ wo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í to páànù. Ìjì ńlá tí ó ń ṣáájú òjò nílẹ̀ wa, ìlà oòrùn ni ó sábà máa ń gbà wá. Bí ilé bá dùbúlẹ̀ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí páànù kọ̀ọ̀kan lè gun èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ léjìká, kí ẹnu ibi tí wọ́n ti pàdé sì kọ ẹ̀yìn sí ìjì. Ẹni tí ó bá dáhùn pé, "Ibi tí ó bá wù yín, sà," kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì máa lọ.

Nínípọn páànù náà ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Nọ́ńbà géèjì tí a fi ń pe páànù irin, bí ó ti ń pọ̀ sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i: géèjì 34 fẹ́lẹ́ ju 28 lọ. Mo mọ ọ̀mọ̀wé kan tí ó yọ̀ pé òun rí 34 rà ní owó pọ́ọ́kú. Ti alumíníọ̀mù, mìlímítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ojú lásán kò sì lè fi 0.55 mọ̀ yàtọ̀ sí 0.45. Kí a mú ohun ìwọ̀n dání lọ́jọ́ tí ọjà bá dé.

Ní ti owó, kí a pín in: apá kan nígbà tí pákó bá dé ilẹ̀, apá kan nígbà tí igi bá dúró, èyí tí ó kù di ẹ̀yìn òjò ńlá kan. Ìpín kejì ni ó ṣe kókó jù. Kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ gbangba pé páànù kan kò ní gòkè títí onílé, tàbí ẹni tí ó bá rán, yóò fi gun àkàbà lọ wo bí a ṣe de igi mọ́ ògiri. Káfíńtà tí iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú kì í bínú sí èyí. Bàbá tí ó tún òrùlé tèmi kàn ni ó ránṣẹ́ pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó kí n tó bò ó." Mo gun àkàbà náà tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, mo fi ọwọ́ fa irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlélógún ni mo kà. Kásẹ́ẹ̀tì méje tí òjò ọjọ́ náà ṣẹ́ kù wà nínú àpótí lábẹ́ rẹ̀ títí di òní.