Èdè Ilé Kò Dí Gẹ̀ẹ́sì Lọ́wọ́

N kò ní pẹ́, ìrẹsì ti ń ta sánsán.

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Longbridge níbí. Ará Bangladesh, ará Lithuania, ará Pakistan ń bẹ nínú kíláàsì mi. Àwa Yorùbá náà wà níbẹ̀, pàápàá àwọn ìyá tó wá bá wa tọ́mọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá wa kan ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ó ní "she is sleeping". Kò pẹ́ tí ará Bangladesh kan pe ọmọbìnrin rẹ̀ ní "he". Ohun kan náà ló fà á. "Ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin àti obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Bengali. Ará Lithuania ní tirẹ̀, "a" àti "the" ló ń dà á láàmú, torí èdè rẹ̀ kò ní wọn. Nítorí náà, n kì í ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èdè rẹ̀. Ńṣe la máa ń gbé e kalẹ̀, ká fi wé Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Olùkọ́ kan sọ fún ọlọ́mọ kan pé kó yé sọ Yorùbá sí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 4, kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà lè já gaara. Ó gbà. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ló bá di pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe fúnra wọn.

Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970? Fún ọdún 6 gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Lóòótọ́, London kì í ṣe Ifẹ̀. Níbí, ọmọ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, nínú bọ́ọ̀sì, lórí tẹlifíṣọ̀n. Yorùbá ni kò ní rí gbọ́ bí a kò bá sọ ọ́ nílé.

Mo ṣàlàyé èyí fún ọlọ́mọ yẹn, ó sì ti padà sí Yorùbá. Ìyá àgbà ti ń pàlọ́ fún ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rí mi lẹ́yìn ìjókòó yìí.