Kíbọ́ọ̀dù Ẹgbẹ́ Wa Kò Bàjẹ́

(Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Ádímínì fi vóìsì sọ sórí gúrúùpù. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e àti àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa.)

Vóìsì kìíní

Mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ochanja níbí, mo kí àwọn ará wa ní Main Market àti àwọn tó wà lápá Ogbaru. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè o. Ádímínì yín ni.

Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ti ń sọ ọ́ lórí gúrúùpù yìí pé owó ẹgbẹ́ ti wọgbó, pé ohun tá a rà kò dún, pé ká tà á ká dá owó padà sápò. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la ó dìbò lé e lórí. Kó tó dọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe é, ohun tá a ti ṣe sí i, àti ohun tó kù. Kíbọ́ọ̀dù náà kò bàjẹ́. Ó ti ń dún. Ìlù inú rẹ̀ ni kò tíì pé, ẹni tó sì lè bá wa parí rẹ̀ ń lọ sílé ní ìparí oṣù yìí.

Gbogbo wa la mọ Bàbá Àyàn. Tá a bá ń sọmọ lórúkọ, tá a bá ń sìnkú àgbà, tí ẹgbẹ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, àwọn ni wọ́n máa ń lu dùndún fún wa. Àgbà ti dé sí wọn báyìí, orúnkún ń dùn wọ́n, àwọn ọmọ wọn l'Ọ́yọ̀ọ́ ti ní kí wọ́n máa bọ̀ wálé. A ò lè dá wọn dúró. Ìyáàlù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá sí Onitsha, ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ló wà lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí iná táńkà epo ṣẹ́ yọ ní Upper Iweka tó sì jó wọ inú ọjà wa. Ẹ̀mí lọ lọ́jọ́ náà, ọjà lọ, ìlù náà sì bá a lọ. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi fẹ́ kí ohùn ìlù wa wà níbòmíràn yàtọ̀ sínú igi àti awọ.

Vóìsì kejì

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kíbọ́ọ̀dù tá a rà yìí, kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Kò ní sípíkà. Ẹ má fi wé èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ lásán ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kan, ohun tó máa lọ sọ fún láptọ́ọ̀pù kò ju pé: "Wọ́n ti tẹ nọ́ńbà 48, agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́ 90." Tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, á ní: "Wọ́n ti fi 48 sílẹ̀." Ó parí. Láptọ́ọ̀pù ló máa wá lọ gbé ohùn tó wà fún 48 jáde.

Èdè tí wọ́n fi ń jẹ́ iṣẹ́ yìí ló ń jẹ́ MIDI. Ọdún 1983 ló jáde. Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ará Japan ló ṣáájú níbi iṣẹ́ náà, kí kíbọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ kan ṣe lè bá tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà 128 ló ní fún ohùn, láti 0 dé 127. Agbára ìtẹ̀ náà kì í kọjá 127.

Torí náà, tí kò bá dún, ibi mẹ́ta la ó wò: ẹni tó rán ọjà, ojú ọ̀nà, àti ẹni tó yẹ kó gba ọjà. Bí ẹrù yín láti Èkó kò bá dé, ṣé ẹ̀ ń pariwo olè lójú ẹsẹ̀ ni? Ẹ ó kọ́kọ́ pe ẹni tó dì í, ẹ ó pe dírẹ́bà, ẹ ó lọ wo páàkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Vóìsì kẹta

Ohùn tí láptọ́ọ̀pù ń gbé jáde, ọwọ́ Bàbá Àyàn fúnra wọn ló lù ú. A gbà á sílẹ̀, a gé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Sample ni àwọn oníṣẹ́ orin ń pe ẹyọ ohùn bẹ́ẹ̀.

Ohùn mẹ́ta tí tíṣà fi kọ́ wa ní kíláàsì la fi bẹ̀rẹ̀: dò, re, mí. Bàbá lu ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, wọ́n lù ú níwọ̀n, wọ́n lù ú kíkankíkan. Wọ́n lu ìkọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́rin. Ohùn mẹ́ta, agbára mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin: fáìlì 36. Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ èèyàn kì í lu ìlù bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo ló ń dún ní gbogbo ìgbà, etí á mọ̀ kíá pé ẹ̀rọ ni. Ní báyìí, tẹ́ ẹ bá tẹ dò lẹ́ẹ̀mẹrin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn.

Yàrá ẹ̀yìn la ti gbà á. A fi mátírẹ́ẹ̀sì ti ògiri kí ohùn má baà ta padà, a pa fáànù, a bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Fóònù la lò, ṣùgbọ́n a ní kó gbà á ní WAV, a sì gbé e jìnnà díẹ̀ sí ojú ìlù. Nígbà tó yá, a fi Audacity, ọ̀fẹ́ ni, gé òfìfo tó wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ṣe pàtàkì o. Tí òfìfo bá wà níwájú, ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́ tán kó tó dún. Ìparí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ kó tán fúnra rẹ̀. Ẹ má sì gbé èyí tó jẹ́ jẹ́jẹ́ sókè kó bá èyí tó le dọ́gba, torí àá wá pàdánù ọwọ́ Bàbá nìyẹn.

Lẹ́yìn náà la kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún láptọ́ọ̀pù, SFZ ni wọ́n ń pè é. Ìwé lásán ni, nínú Notepad la ti kọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé dò wà ní nọ́ńbà 48, re wà ní 50, mí wà ní 52. Bọ́tìnì funfun mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn nìyẹn. Ìlà mìíràn sọ pé tí ohùn tuntun bá ti bọ́ sílẹ̀, kí ti àtẹ̀yìnwá dákẹ́, nítorí ojú kan náà ni kọ̀ǹgọ́ ń bà. Sforzando ni ètò tó ń ka ìwé náà tó sì ń gbé ohùn jáde. Òun náà, ọ̀fẹ́ ni.

Vóìsì kẹrin

Ó yá, àwọn ohun tó ṣe é rèé. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ó máa wúlò fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń lu kíbọ́ọ̀dù.

Àkọ́kọ́, wáyà. Iná kíbọ́ọ̀dù tàn, láptọ́ọ̀pù kò rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ní ó ti kú. Wáyà ni mò ń tà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dá mi lójú. Nínú wáyà USB tó pé, okùn mẹ́rin ló máa ń wà: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé ọ̀rọ̀. Èyí tó wà fún ṣáájì nìkan, okùn iná méjì péré ló ní. Irú èyí ni wọ́n fi sínú páálí fún wa níbi tá a ti rà á. Iná ń lọ, ọ̀rọ̀ ò lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán wáyà yín wò, ẹ fi so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì yan gbígbé fáìlì lórí fóònù. Tó bá ń ṣáájì tí fáìlì fóònù kò sì hàn rárá, ẹ fura sí i. Mo mú wáyà kan láti ṣọ́ọ̀bù, láptọ́ọ̀pù rí i lójú ẹsẹ̀.

Èkejì, láptọ́ọ̀pù rí i, sforzando kò gbọ́. Nínú ètò yẹn, ẹ ní láti yan orúkọ kíbọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ètò orin mìíràn bá sì wà ní ṣíṣí, ẹ pa á. Lórí Windows, ẹni tó bá kọ́kọ́ di kíbọ́ọ̀dù mú lè má fi fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, ó ń gbọ́, kò dún. Bọ́tìnì 25 péré ni tiwa ní, nítorí náà wọ́n fi bọ́tìnì kékeré méjì sí i tó ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Ọmọdé kan ti tẹ èyí tó ń lọ sókè. Kíbọ́ọ̀dù wá ń pe 60, 62, 64, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. A dá a padà sí 48, ìlù dáhùn.

Ẹ̀kẹrin, ó dún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Bí ìwé SFZ kò bá sọ ibi tó jẹ́ ilé ohùn kan, láptọ́ọ̀pù á gbà pé 60 ni ilé rẹ̀. Láti 60 wá sí 48 jẹ́ ìgbésẹ̀ 12, ìyẹn ni pé ìlù Bàbá já wálẹ̀ odindi ọ́kítéfù kan. A kọ ilé ohùn kọ̀ọ̀kan sí i, ó bọ́ sípò.

Ẹ̀karùn-ún, ó ń pẹ́. Ẹ yọ sípíkà Bluetooth kúrò níbẹ̀, ẹ lo èyí tó ní wáyà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní buffer. Ní 44,100 lójú ìṣẹ́jú àáyá, buffer 1,024 máa ń fi nǹkan bí ìdá 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ṣòfò. 256 kò ju bí 6 lọ. A fi ASIO4ALL sí láptọ́ọ̀pù, a gbé e sí 256. Tẹ́ ẹ bá tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, ohùn á máa ta bí àgbàdo nínú agbada.

Márààrún nìyẹn. Wáyà nìkan la fi nǹkan pààrọ̀ níbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù mi ló sì ti wá. N ò gba kọ́bọ̀.

Vóìsì karùn-ún

Kí ló wá kù? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí: ọjà tá à ń ná, àti ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ. Ọjà, re-dò. Ọ̀já, dò-mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mí bá tẹ̀lé dò lẹ́nu wa, kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló ń gun òkè. Bí dò bá sì tẹ̀lé mí, ńṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀. Bàbá ń fi apá fún ọṣán mọ́ra láti ṣe é. Kíbọ́ọ̀dù wa ò lápá. Táyà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè tẹ ohùn, àmọ́ ọwọ́ ọmọdé kò tíì lè bá a yára tó bí ẹnu ṣe ń yára. Nítorí náà a fẹ́ gba ìgùnkè àti ìyọ̀sílẹ̀ náà sílẹ̀ látọwọ́ Bàbá: méjì, agbára mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin, fáìlì 24. Tá a bá fi kún 36, ó di 60. Bọ́tìnì dúdú méjì tó wà láàárín àwọn funfun yẹn, 49 àti 51, la ó fi wọ́n sí.

Ẹnì kan ní àwọn ọmọ wa tá a bí síbí kò létí ìlù. Mi ò gbà. Igbo tí wọ́n ń sọ níta, ohùn ló ń dárí ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pe akwa. Wọ́n á sọ fún yín pé bẹ́ ẹ bá ṣe gbé e ni yóò ṣe jẹ́ ẹyin, aṣọ, ẹkún tàbí ibùsùn. Etí wà. Yorùbá tí etí náà máa gbọ́ ló kéré.

Kíbọ́ọ̀dù yìí kò sì gbọ́ Yorùbá o. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí ìlù tí rédíò ìjọba ń lù n'Íbàdàn láyé àtijọ́. Orúkọ iléeṣẹ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n láwọn ń fi ìlù pè, àwọn ará ìlú ní "Bólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" ló ń wí. Ohùn nìkan ni ìlù ń gbé jáde, àwa la ń fi ọ̀rọ̀ sí i. Ọmọ tó bá fẹ́ fi dò, re, mí pe orúkọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà. Ìdí tí mo fi fẹ́ kó wà láàárín wa nìyẹn. Kò lè rọ́pò onílù, kò lè wo ojú ẹni kó kì í.

Bàbá Àyàn fi àdéhùn méjì sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi fáìlì wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Olórin tó bá fẹ́ fi pawó, kó pè wọ́n. Mo fara mọ́ ọn. Ọwọ́ wọn ni, ohùn wọn ni. Èmi sì fi kún un pé kí ẹgbẹ́ san owó iṣẹ́ wọn lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ tá a fẹ́ fún wọn. A kì í kó ọjà lórí àtẹ ẹlòmíràn ká ní "ẹ ṣé" kó tán síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, aago méje alẹ́, la ó gba èyí tó kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lágboolé wa, mo bẹ̀ yín, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan. Ẹ ṣáájì fóònù yín ṣáájú. Lọ́jọ́ Àìkú, n ó gbé kíbọ́ọ̀dù wá sí ìpàdé, kí ọmọ mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dìbò bó bá ṣe wù yín.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó tẹ̀ ẹ́ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi vóìsì oníṣẹ́jú mẹ́wàá bi mí. Ó dàárọ̀ o.