Ọ̀nà Ọkọ̀ Èrò ní Accra àti Ohun Tó Kan Àwa Ọmọ Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ni ẹgbẹ́ ní kí n bá yín sọ. Ẹlòmíràn lè ní kí ló tún wà nínú ọkọ̀ ju kéèyàn wọ̀ ọ́, kó sanwó, kó sọ̀ kalẹ̀? Nǹkan wà níbẹ̀ o. Èrè tí ìyá kan jẹ ní Makola láti àárọ̀, ọkọ̀ lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó délé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Inú èdè Gã ni orúkọ trotro ti jáde. Tro ni wọ́n ń pe owó kan láyé òyìnbó, ìyẹn tọ́rọ́ tiwa. Tọ́rọ́ ni owó ọkọ̀ nígbà náà, ló bá di orúkọ ọkọ̀. Ọkọ̀ onípákó ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, irú èyí tí àwọn bàbá wa nílé ń pè ní bọ́ọ̀lẹ̀kájà.

Ìjọba náà kò káwọ́ gbera. Ìgbìmọ̀ ìlú Accra ti fi bọ́ọ̀sì kó èrò láti 1927. Ní 2003 ni wọ́n dá Metro Mass Transit sílẹ̀. Ní 2016, bọ́ọ̀sì Aayalolo bẹ̀rẹ̀ láti Amasaman sí Tudu. Wọ́n ti kọ́kọ́ pinnu pé bọ́ọ̀sì náà yóò ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyẹn kò ṣeé ṣe, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí trotro wà ni òun náà bọ́ sí. Bọ́ọ̀sì ìjọba ń dé, ó ń lọ. Trotro ni kò kúrò.

Kí ló fà á? Òfin kan ni trotro mọ̀: kí ọkọ̀ kún kó tó ṣí. Kò sẹ́ni tó jókòó sí ọ́fíìsì ya ọ̀nà rẹ̀ sórí ìwé. Àwọn èèyàn á kọ́kọ́ kọ́lé síbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn dé títì. Bí wọ́n bá pọ̀ díẹ̀, takisí á máa kó wọn dé oríta. Bí wọ́n bá tún pọ̀ sí i, trotro á bẹ̀rẹ̀ sí dúró ní oríta náà, ẹgbẹ́ awakọ̀ á sì fi ọ̀gá ibùdókọ̀ síbẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọkọ̀ á máa lọ tààrà sí Circle tàbí Tudu. Ọjà á hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà tuntun yóò sì tún ti yọ lọ síwájú.

Ẹ wo Madina. Ní 1959 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn àlejò bíi tiwa ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn ìlú ni. Lónìí, ibùdókọ̀ ńlá ni, ọkọ̀ sì ń gba ibẹ̀ lọ sí Adenta àti Dodowa. Kasoa, tí kò tilẹ̀ sí lábẹ́ ẹkùn Accra, ti di ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Accra ń sùn.

Ibi tó kàn wá nìyí. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà ti 1992 kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà gba ilẹ̀ kọjá 50 ọdún. Bí o bá gba ilẹ̀ níbi tí ọkọ̀ kò tíì dé, tó sì gba 15 ọdún kí ọ̀nà ọkọ̀ tó gún régé, inú 50 ọdún rẹ ni 15 náà ti lọ. Títí dìgbà náà, ọkọ̀ mẹ́ta lo ó máa wọ̀ lọ sọ́jà, mẹ́ta lo ó máa wọ̀ bọ̀. Ilẹ̀ tí kò wọ́n yẹn ti di ọ̀wọ́n.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kó lọ síbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ iṣẹ́, kó sì tún lọ lálẹ́. Kó bi àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà léèrè: ọkọ̀ mélòó lẹ ń wọ̀ dé ọjà? Aago mélòó ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń kúrò nígboro? Bí òjò bá rọ̀, ṣé ọkọ̀ ń wọlé? Ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò ní sọ fún ọ pé ibẹ̀ jìnnà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ má dá lọ bá awakọ̀. Ogún èèyàn tó ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí ti tó ẹrù ọkọ̀ kan. Ẹ jọ lọ bá ọ̀gá ibùdókọ̀, ẹ sọ wákàtí tí ẹ ó máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹ pe àwọn Gã, Ewe àti Hausa àdúgbò mọ́ra. Ọkọ̀ kì í béèrè ìlú ẹni.

Èyí tó kẹ́yìn kan ìpàdé wa fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbà tó ń bọ̀ láti Kasoa, tí kò wá mọ́ nítorí ọkọ̀ alẹ́, bí ó bá ń ṣàìsàn, ta ni yóò mọ̀?

Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn ló la gbogbo wọn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.