Kí Oògùn Tó Wọnú Ọpọlọ, Ẹ Ṣírò Ọ̀nà Rẹ̀

Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ oògùn kì í lè kọjá, yálà aláìsàn gbé e mì ni tàbí ó gbà á lábẹ́rẹ́. Lọ́dún 1994, Edward Oldfield, Paul Morrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Bethesda, Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tó gba ẹ̀yìn odi náà wọlé: wọ́n ki ọ̀pá tín-ín-rín oníhò bọ inú ọpọlọ ológbò, ẹ̀rọ sì ń ti oògùn olómi gba inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tì í? Oògùn tó ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá máa dé ibi tó jìn ní ìlọ́po méjì, àkókò ìlọ́po mẹ́rin ni yóò gbà. Kó tó rin mílímítà mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ti lè gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Omi tí wọ́n ń tì ń tẹ̀ lé òfin Henry Darcy, ẹnjiníà ará Dijon ní Faransé, tó da omi gba inú iyanrìn kọjá, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1856: bí agbára tó ń tì í bá ṣe pọ̀ tó, tí iyanrìn sì ṣe gbà á láyè tó, ni yóò ṣe yára tó. Nínú ọpọlọ, àyè tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ibẹ̀ ni oògùn ń gbà. Kọ̀ǹpútà á pín àwòrán MRI aláìsàn sí wẹ́wẹ́, á ṣírò agbára tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí omi kọrí sí, àti iye oògùn tó kù lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gba tirẹ̀. Níbi tí àwọn okùn ọpọlọ bá ti tò lọ gbọọrọ, omi a máa tẹ̀ lé wọn bí òjò ṣe ń tẹ̀ lé poro ebè.

Ibi tí ìjà wà nìyí, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀nà yìí ti kùnà, ìdánwò PRECISE ni wọ́n sì fi ń jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ ká tú ìdánwò náà wò fínnífínní.

Aláìsàn 296 ni wọ́n gbà wọlé, tí jẹjẹrẹ ọpọlọ glioblastoma ti padà wá bá lẹ́yìn ìtọ́jú. Lẹ́yìn tí dókítà gé kókó náà kúrò, àwọn kan gba Gliadel, ìyẹn oògùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò sínú ihò tí kókó fi sílẹ̀. Àwọn yòókù gba rọ́bà tín-ín-rín oníhò méjì sí mẹ́rin nínú ẹran ọpọlọ tó yí ihò náà ká, oògùn cintredekin besudotox sì ń gba inú wọn wọlé fún wákàtí 96. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010 kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn: ìdajì àwọn onírọ́bà lo ju ọ̀sẹ̀ 36.4 láyé, ìdajì àwọn tó gba Gliadel lo ju 35.3.

Ni wọ́n bá ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́. Ta ló rí i pé ó dé ibi tí wọ́n rán an?

John Sampson ní Yunifásítì Duke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sídìí àwòrán àwọn aláìsàn, wọ́n sì ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí oògùn lè dé. Àwọn rọ́bà kan kò sí níbi tí ìlànà ní kí wọ́n wà. Nínú ẹran ọpọlọ tó fi sẹ̀ǹtímítà méjì yí ihò náà ká, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 péré ni oògùn bò, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn ṣe wí. Èyí kò sọ oògùn náà di oògùn rere. Ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó má kan ọ̀pọ̀ ibi tó yẹ kó kàn rárá, síbẹ̀ wọ́n ti dájọ́ fún un.

Àwọn mìíràn ní ọpọlọ ẹnìkan ò jọ tẹlòmíì, pé ìṣirò kan ò lè bá gbogbo wọn mu. Wọ́n gbàgbé pé àwòrán aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń lò. Nígbà tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ̀rọ̀ yìí wà ní akẹ́kọ̀ọ́, àgbà dókítà kan tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ sọ fún un pé aláìsàn kì í jẹ ìṣirò. Ó dùn ún pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìmọ̀ ìṣirò náà, ẹ lẹ́jọ́ láti jẹ́: ẹ ń yanjú ìdọ́gba lójú pátákó, ẹ kì í rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ.

Títì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti omi jù, ó lè gun ẹ̀gbẹ́ rọ́bà padà sẹ́yìn. Lọ́dún 1999, Morrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò bí sísanra rọ́bà àti ìyára omi ṣe ń dá kún un. Lọ́dún 2005, àwọn oníwádìí tó wà pẹ̀lú Krystof Bankiewicz ní San Francisco gbé ọ̀pá kan jáde tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ju ìdí lọ, èyí tó ń dá omi náà dúró.

Ọ̀nà yìí náà ni Upstaza, oògùn apilẹ̀-àbùdá fún àìsàn àìtó èròjà AADC, ń gbà wọ ọpọlọ, ó sì gba àṣẹ ní Yúróòpù lọ́dún 2022. Mílílítà 0.32 péré ni gbogbo rẹ̀, ojú mẹ́rin ni wọ́n sì pín in sí nínú ọpọlọ.

Gbogbo ìdánwò títi oògùn bọ inú ọpọlọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìṣirò ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, kí wọ́n po gadolinium mọ́ oògùn kí MRI lè rí ibi tó dé, kí wọ́n sì fi méjèèjì wéra kí wọ́n tó dájọ́.